Ta Ni Yóò Dá Tírọ́lì Padà?

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti lítíréṣọ̀, kì í sì í ṣe ti fonọ́lọ́jì. Ọ̀rọ̀ tírọ́lì ni, kẹ̀kẹ́ onírin tí a máa ń tì kiri nínú súpámákẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pẹ̀lú tírọ́lì, kí ó kọ́kọ́ ka iye nínú wa tó ti dúró nídìí káńtà rí: nígbà ìsinmi, nígbà ìyanṣẹ́lódì, tàbí lẹ́yìn tí a sin ilẹ̀ baba wa tán tí iṣẹ́ ìjọba kò yọjú. A pọ̀. Àwa tí a ń gbé ní Ìkòròdú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé láti Agric dé Garage, láti Sábo dé Èbúté, súpámákẹ́ẹ̀tì ń hù bí olú, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Tírọ́lì jẹ́ ọgbọ́n tí àwọn oníṣòwò fi gbé iṣẹ́ kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́ wá sọ́rùn oníbàárà. Ní ìlú tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọgbọ́n náà bá wọn dín owó oṣù kù. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀, èèyàn ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í hàn nínú ìwé ìṣirò. Àpò ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo gbà pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà. Yóò dúró síwájú káńtà, yóò ka ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yóò sì bá a kó o wá, yóò wọ̀n ọ́n, yóò dì í fún un. Ní 1916, Clarence Saunders ṣí ilé ìtajà Piggly Wiggly ní ìlú Memphis, ó sì yí i padà. Oníbàárà gba agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ, ó ń mú ohun tó wù ú, ó wá sanwó nígbà tó ń jáde lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú oníbàárà sì dùn, nítorí pé ọjà dín owó díẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbọ̀n ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bó bá ti wúwo lọ́wọ́, èèyàn yóò ṣíwọ́ ríra. Sylvan Goldman, tó ni ilé ìtajà Humpty Dumpty ní Oklahoma City, kíyè sí èyí. Ní 1937, ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde: férémù tí a gbé agbọ̀n méjì kà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú táyà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn kọ̀ ọ́. Ọkùnrin kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun kò lágbára tó láti gbé agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní kẹ̀kẹ́ ọmọ tí àwọn ti tì nílé ti tó àwọn. Goldman bá háyà àwọn èèyàn tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ náà kiri inú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń rajà, kí àwọn tó kù lè wò wọ́n ṣe. Ìgbà yẹn ni ó tó tà. Ẹ rí i pé kẹ̀kẹ́ tí a ní kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ tì, òṣìṣẹ́ tí a háyà ló kọ́kọ́ fi í han ayé. Ní 1946, Orla Watson ní Kansas City ṣe irú èyí tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì, kí wọn má baà gba àyè. Irú rẹ̀ ni a ń lò títí dòní.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹrù gbígbé kì í ṣe ohun àjèjì ní ìlú yìí. Láyé àtijọ́, ọjà tó ń ti Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú bọ̀, Èbúté Ìkòròdú ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Èyí tó ń ti Èkó bọ̀, ibẹ̀ náà ló ń gúnlẹ̀ sí. Láàárín ọkọ̀ àti ọjà, orí èèyàn ni afárá. Lónìí, bí ẹ bá dé ọjà Sábo, ẹ ó rí alábàárù pẹ̀lú òṣùká lórí. Ẹni tó ra àpò ìrẹsì mọ̀ pé ẹrù ní owó tirẹ̀. Yóò ná an, wọ́n á jọ fohùn ṣọ̀kan, alábàárù yóò gbé e, yóò sì gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà le, n kò sọ pé kò le. Ṣùgbọ́n nínú ọjà, kò sí ẹni tó ń díbọ́n pé ẹrù ń gbé ara rẹ̀.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ló kọ́ wa láti díbọ́n. Nígbà tí Shoprite ti Gúúsù Áfíríkà ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní The Palms ní Lẹ́kkí ní 2005, ilẹ̀ tó tẹ́jú wà fún mọ́tò, tírọ́lì sì lè yí láti ìdí káńtà dé ẹ̀yìn búùtù. Ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì Ìkòròdú kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé alájà méjì létí títì ni. Àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà, gọ́tà wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn gọ́tà. Oníbàárà kò gbé mọ́tò wá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà ni yóò gbé e lọ. Tírọ́lì kò lè dá lọ sí ibi tí ẹrù ń lọ. Ẹnìkan ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan ní láti tì í dé etí títì, ẹnìkan ní láti sáré lọ mú un padà kí onílé ìtajà tó pariwo. Ẹni yẹn ni ọmọkùnrin tí ẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ pé, “Mọ́mì, ẹ kú ọjà o. Ẹ rántí àwa ọmọ yín o.”

Àwọn kan lè sọ pé, ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi ti Aldi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Aldi, ilé ìtajà àwọn ará Jámánì. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn, ẹ ó ti owó ẹyọ bọ ojú àgádágodo kékeré tó wà lára tírọ́lì kí ó tó tú kúrò lára èkejì. Bí ẹ bá dá a padà sí àyè rẹ̀, owó yín á jáde. Nítorí náà wọn kò nílò ẹni tí yóò máa kó tírọ́lì jọ. Oníbàárà ló ń di ẹrù ara rẹ̀ sínú àpò. Wọ́n sì máa ń gbé ọ̀pọ̀ ọjà sórí pẹpẹ pẹ̀lú páálí tí ó bá wá, kí òṣìṣẹ́ má baà máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń darí ilé ìtajà kan, ọjà wọn sì rọjú.

Ọgbọ́n ńlá ni, mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá owó ẹyọ tí a ó tì bọ àgádágodo ní Ìkòròdú. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì ẹlẹ́yọ jáde ní 2007. Nígbà wo lẹ fojú kàn án kẹ́yìn? Bí ẹ tilẹ̀ rí i, ta ni yóò tìtorí náírà méjì rìn padà sínú oòrùn? Bí a bá ní kí oníbàárà fi 1,000 náírà oníwèé sílẹ̀, ẹnìkan ní láti jókòó gbà á, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì wá ṣéńjì. Ohun tí a fẹ́ fi dín òṣìṣẹ́ kan kù ti tún gba òṣìṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ohun kan tilẹ̀ tún wà tí àwọn tó ń pariwo Aldi kì í sọ: kaṣíà Aldi ń jókòó ṣiṣẹ́. Ìjókòó yẹn, kò sí ẹni tó bá wa kó o wálé.

N kò fẹ́ ṣe bí ẹni pé onílé ìtajà kò ní ìṣòro. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, kò sí ohun tó dúró sí àyè rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà lórí wákàtí kílówáàtì kan. Fíríìsà tó kún fún ẹja àti adìẹ kò gbọ́dọ̀ kú, nítorí náà bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ dún. Owó ilé wà níbẹ̀, owó ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, èrè orí páálí ìńdómì kan kò sì tó nǹkan. Ta ló lè rẹ́ owó dísù? Ẹni tó ń ta dísù kì í gbọ́ àwáwí. Onílé pàápàá kì í gbọ́. Òṣìṣẹ́ nìkan ni a lè sọ fún pé kí ó ní sùúrù, nítorí pé àwọn mẹ́wàá ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ibi tó rọ̀ ni a ti ń wa ilẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní 2022, nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU tó gba oṣù mẹ́jọ, mo ṣiṣẹ́ kaṣíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní agbègbè Èbúté. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a ń dé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a ń lọ, lórí ìdúró. Owó oṣù náà kò tó 30,000 náírà tí òfin pè ní èyí tó kéré jù lọ nígbà náà, kì í sì í sábà pé. Bí owó inú dúrọ́ọ̀ bá dín sí ohun tí ẹ̀rọ kọ, ṣọ́tẹ́ẹ̀jì ni, orí mi ló ń bọ̀. Bí agolo mílíìkì bá pòórá lórí pẹpẹ láìsí ẹni tó mọ ẹni tó mú un, wọ́n á pín owó rẹ̀ sórí gbogbo wa. Ọmọkùnrin tó ń kó tírọ́lì kò tilẹ̀ sí nínú ìwé owó oṣù. Wọ́n ní ohun tí oníbàárà bá fún un ti tó o. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ti tírọ́lì kọjá títì, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ọmọ yìí tó sáré débẹ̀, àwọn tó ń ṣa irin tà ti gbé e. Wọ́n ní kí ó san owó tírọ́lì. Ẹni tí wọn kì í sanwó fún ni wọ́n ní kí ó wá sanwó fún wọn.

Bí ẹ bá bi ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, yóò sọ pé tírọ́lì kò ná òun ní kọ́bọ̀. Lóòótọ́ ni, nínú ìwé tirẹ̀.

Òfin wa kò fọwọ́ sí èyí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí Labour Act, ti wà láti 1974. Ní abala karùn-ún, ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù àfi bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà ṣe é, kódà nígbà náà, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Abala keje ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Abala kẹtàlá ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí kò dín sí wákàtí kan lápapọ̀, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje. Nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ ìkankan nínú wọn.

Ti owó oṣù tó kéré jù lọ náà ní ọ̀nà àbùjá tirẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa: òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá. Òfin kò dè wọ́n. Àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ náà tún mọ bí a ṣe ń pe ọmọ tó ń kó tírọ́lì ní “ẹni tó kàn ń bá wa ṣe é”, kí òǹkà má baà pé. Bí òfin bá fi ihò sílẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ló yẹ kó dí i, nítorí pé ìyá tó ń ta gàrí fún òṣìṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì kì í bi í pé ẹni mélòó ni wọ́n níbi iṣẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ nípa òwò kò sí nínú ohun tí mò ń sọ, pé bí owó òṣìṣẹ́ bá lọ sókè, ọjà á wọ́n, oníbàárà á sì sá padà sí Sábo. Ó tọ́ kí a dá wọn lóhùn. Zeynep Ton, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó jáde ní 2014, The Good Jobs Strategy. Ó yẹ àwọn ilé ìtajà bíi Mercadona ní Sípéènì àti Costco ní Amẹ́ríkà wò, àwọn tí ọjà wọn kò wọ́n, síbẹ̀ tí wọ́n ń sanwó gidi fún òṣìṣẹ́. Ohun tó rí ni pé òṣìṣẹ́ tí kò tó, tí a kò sì sanwó fún dáadáa, ń ná onílé ìtajà lówó tí kò rí. Ọjà wà nínú sítọ̀ọ̀, pẹpẹ ṣófo, oníbàárà á ní kò sí, á lọ. Òṣìṣẹ́ tuntun kò tíì mọ iṣẹ́ tán tó fi kúrò. Àwọn ilé ìtajà tó yẹ̀ wò yìí dín irú ọjà tí wọ́n ń tà kù, wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ kan ní iṣẹ́ púpọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ìkòròdú kì í ṣe Sípéènì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Bísíkíìtì tó ti kọjá ọjọ́ ìlò rẹ̀ máa ń pẹ́ lórí pẹpẹ nítorí pé kò sí ẹni tó ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Kaṣíà tó ti dúró láti òwúrọ̀ ló ń ṣìrò lálẹ́. Òwe wa sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Bí wọn kò bá sì jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ ní gbangba, àwọn kan yóò wá ọ̀nà jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. N kò dá olè láre. Mo kàn ń sọ ibi tí owó ń gbà jò.

Kí wá ni ṣíṣe? Sí onílé ìtajà: ẹ kọ orúkọ ọmọ tó ń kó tírọ́lì sínú ìwé owó oṣù. Ẹ má ṣe fi owó tí oníbàárà fún un rọ́pò owó tí ó yẹ kí ẹ san. Ẹ gbé àga sẹ́yìn káńtà. Iye tí ẹ ó ra àga onírọ́bà kò tó owó dísù ọjọ́ kan. Ẹ jáwọ́ nínú ṣọ́tẹ́ẹ̀jì àpapọ̀, torí kò sí ìdájọ́ òdodo nínú kí a fìyà ẹnìkan jẹ èèyàn mẹ́wàá. Bí ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kò bá tẹ́jú, agbọ̀n àti ọmọ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wúlò fún yín ju ogún tírọ́lì lọ.

Sí àwa oníbàárà: ẹ jẹ́ ká máa dá tírọ́lì padà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Rárá o. Iṣẹ́ inú súpámákẹ́ẹ̀tì kì í tán. Ẹni tí kò bá sáré tẹ̀lé tírọ́lì kọjá títì yóò ráyè to pẹpẹ, yóò yẹ ọjọ́ ìlò ọjà wò, yóò bá ìyá àgbà gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohun tí a ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni eré àsápajúdé láàárín mọ́tò.

Sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tàbí tó ti di máníjà: ẹ̀yin náà ti jẹ gàrí aláìnísúgà rí, ẹ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ka òfin sí yín létí kí ẹ tó ṣe ohun tó tọ́. Sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. A máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ àṣà lọ́dọọdún, a ń wọ aṣọ òkè, a ń pa àlọ́. Ẹ jẹ́ ká ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí a túmọ̀ àwọn abala Òfin Iṣẹ́ tí mo kà sókè yìí sí Yorùbá tó dán mọ́rán, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé kan, kí a sì pín in láti Garage dé Èbúté. Èdè ni iṣẹ́ tiwa. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ òfin ní èdè rẹ̀, kò rọrùn láti rẹ́ jẹ. Bí ẹgbẹ́ bá gbà, orúkọ mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìtumọ̀ náà.